Abọ́ Ẹ̀kuru Tó Ń Gba Ojú Irin

Dókítà ló lé mi dé ojú irin. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ìrìn o. Bí mo bá fẹ́ ra iyọ̀ ní ìkòríta ilé wa, ọ̀kadà ni mo máa ń pè. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan báyìí, ọmọ tí mo lè bí, wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ẹ máa rìn. Tí ẹ ò bá rìn, ẹ máa dùbúlẹ̀ ni o." Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Mo ráhùn dé ilé, mo ráhùn sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo wọ bàtà rọ́bà, mo bọ́ sójú irin.

Ìnísà ni mò ń gbé, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe. Ojú irin àtijọ́ tó ti Ìkìrun wá ló la ìlú wa kọjá, tó sì forí lé Òkukù. Ọkọ̀ ojú irin kì í sábà gba ibẹ̀ mọ́, àwa ẹlẹ́sẹ̀ la jogún rẹ̀. Mo lè rìn lójú títì lóòótọ́, àmọ́ àwọn tírélà tó ń sáré níbẹ̀ á bá dókítà parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kíákíá.

Ìrìn ojú irin ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn igi ìdábùú tó gbé irin dúró yẹn, bí o bá ń tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ìṣísẹ̀ rẹ á kéré bíi ti ìyàwó tuntun. Bí o bá sì ń fo ọ̀kan, itan á máa fà ọ́ ya. Ohun tó tún yà mí lẹ́nu ni pé ẹnikẹ́ni kì í kọjá lára ẹni níbẹ̀ láìdúró. Láàárín ìlú, ènìyàn lè gbé imú sókè kó kọjá lára rẹ. Lójú irin, bí ẹ bá ti rí ara yín lókèèrè, ó ti di dandan. "Ẹ kú ìrìn." "Ẹ kú ìrìn o, níbo lẹ ti ń bọ̀?" Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ á tẹ̀lé e: "Tí ẹ bá dé apá téṣàn, ẹ bá mi kí ìyá tó ń ta garawa. Ẹ ní mo ní ara mi ti yá." Obìnrin tó ru igi ìdáná, tí ọrùn rẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ ẹrù, á dúró, á bi ọ́ léèrè àwọn ọmọ. Fúlàní darandaran á na ọ̀pá sókè, á kí ọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń bí mi nínú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo bá wá, n ò bá ti àlejò wá. Ìgbà tó yá, bí n kò bá pàdé ẹnikẹ́ni láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọjọ́ náà kì í dùn mọ́ mi.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Bàbá Tímótì.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì kan ni. Bàbá kan ń bọ̀ láti apá Òkukù, wọ́n wọ sùtánà funfun, wọ́n ká etí rẹ̀ dé orúnkún, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ òkúta ṣóńṣó lọ bí ẹni tó wà nínú pálọ̀ ilé rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ di nǹkan kan, wọ́n há a sí abíyá. Ìjọ onígìtá àti ìlù gbẹ̀dù ni èmi ń lọ ní tèmi, ẹ̀rù alásùtánà a sì máa bà mí níbi tó bá dá. Mo mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n ríran sí mi. Mo ti ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù lábẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bàbá náà dúró, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n ní, "Ìyá, bàtà yẹn máa ń yọ̀ tí ìrì bá wà lórí irin. Ẹ rọra o. Ẹ kú ìrìn." Wọ́n bá tiwọn lọ. Ojú tì mí. N kò sì tíì rìn jìnnà tí mo fi yọ̀ ṣubú, tí mo fi ìdí balẹ̀ lórí òkúta. Ìran náà kúkú ṣẹ.

Láti ọjọ́ náà la ti dọ̀rẹ́. Ọlọ́rundáre lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ wọn ni gbogbo ayé fi ń pè wọ́n. Birikílà ni wọ́n ní Òkukù, wọ́n ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ríro. Nígbà tí Tímótì wà ní kékeré, àìsàn kan dá a dùbúlẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi sọ̀rètí nù. Bàbá àti ìyàwó wọn, Mojíbọ́lá, jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé bí ọmọ náà bá dìde, àwọn á máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti Òkukù lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ní Ìkìrun fún àdúrà Ọjọ́ Ẹtì, àwọn ò ní wọkọ̀. Ọmọ dìde. Ó ti dàgbà, ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ìbàdàn, ó sì ti sanra báyìí. Àwọn méjèèjì sì ń rin ìrìn wọn láti ìgbà náà, wọ́n á lọ ní Ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á bọ̀ ní Àbámẹ́ta, títí tí orúnkún ìyàwó fi kọṣẹ́. Bàbá nìkan ló wá ń dá a rìn.

"Mojí ní kí n má máa sáré lórí afárá," ni wọ́n máa ń sọ. "Mojí ní òjò máa rọ̀ lónìí, mo ní kò ní rọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọn rí. Mojí ní, Mojí ò fẹ́, Mojí á bínú. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, inú mi á sì máa jowú díẹ̀. Ọkọ mi wà láyé, ó wà nílé, kò sì tíì ka ọ̀rọ̀ mi báyẹn fún ẹnikẹ́ni rí.

Nǹkan tí wọ́n ń há sí abíyá náà, abọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n Mojí, Ìyá Ọlábímpé, ń gbé ní Ìnísà níbí, lẹ́bàá téṣàn. Ìyá yìí ló tọ́ Mojí dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Wọ́n pọ̀n ọ́n, wọ́n rán an lọ síléèwé, wọ́n fà á fún ọkọ. Àìsàn kan ti wá rọ Ìyá Ọlábímpé ní apá kan, ẹsẹ̀ kan, orí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀. Ọ̀kan ń wọ́ ẹsẹ̀ ní Ìnísà, orúnkún ọ̀kan kò ṣiṣẹ́ ní Òkukù, àwọn méjèèjì kò sì gba ti fóònù. Ìyá ní ohùn inú fóònù kì í ṣe ohùn ènìyàn. Abọ́ ló wá ń bá wọn lọ, tó ń bá wọn bọ̀. Ní Àbámẹ́ta, bí Bàbá bá ń ti Ìkìrun bọ̀, Ìyá á ti mú kí ọmọ wọn, Ọlábímpé, se ẹ̀kuru. Wọ́n á tẹ́ ata díndín sí ìsàlẹ̀ abọ́ tánganran onídèérí kan, wọ́n á kó ẹ̀kuru lé e, Bàbá á gbé e lọ fún Mojí. Ní Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, Bàbá á dá abọ́ padà.

Mo bá wọn débẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kí Bàbá tó jókòó ni Ìyá ti na ọrùn.

"Kí ni Mojí wí?"

"Ó ní ata tọ̀sẹ̀ yẹn ta jù. Ó ní ṣé ẹ fẹ́ pa òun ni."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí bẹ́ǹṣì fi ń mì. "Ẹ sọ fún un pé bó bá ta jù, kó fúnra rẹ̀ wá gbé e padà!"

Mo wo ojú Bàbá nígbà náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́jú, bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ tún ọrùn sùtánà ṣe, ó dà bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó wá fẹ́ ìyàwó. Mo sọ nínú ara mi pé n ó rí Mojí yìí bó pẹ́ bó yá.

Nígbà tí iléèwé gba ìsinmi, tí ọyẹ́ sì ti ń fẹ́, mo dúró de Bàbá ní Àbámẹ́ta kan. Mo ní ẹsẹ̀ mi ti gbó tó báyìí, n ó bá wọn dé Òkukù lọ kí ìyàwó wọn. Bàbá ní oòrùn máa mú mi. Mo ní mo mú fìlà. Wọ́n ní Mojí lè má sí nílé. Mo ní ta ló gbé e jáde pẹ̀lú orúnkún yẹn? Wọ́n há abọ́ mọ́ abíyá, wọ́n ṣíwájú. Bí ẹ bá mọ̀ mí, ẹ máa mọ̀ pé bí mo bá ti sọ pé ibì kan ni mò ń lọ, àfi kí wọ́n so mí mọ́lẹ̀.

A rìn. Ewéko ti gbẹ lọ́tùn-ún lósì, eruku ọyẹ́ bo ojú irin. A kí ọlọ́dẹ kan, a kí àwọn obìnrin tó ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀gẹ́. Nígbà tí a dé afárá Odò Ọ̀tìn, Bàbá dúró pẹ́, wọ́n ń wo omi. Wọ́n ní ibẹ̀ ni Mojí ti máa ń di ẹ̀yìn sùtánà òun mú láyé ìgbà tí àwọn jọ ń rìn, nítorí pé ó ń bẹ̀rù ihò tó wà láàárín irin. "Títí di òní, tí mo bá dé ibí, ẹ̀yìn mi máa ń retí ọwọ́ ẹ̀."

Ilé wọn kéré, wọ́n gbá a mọ́ tónítóní. Bàbá kò pe ẹnikẹ́ni, ẹnikẹ́ni kò sì dáhùn. Wọ́n mú mi gba ẹ̀gbẹ́ ilé. Sàréè kan wà lábẹ́ igi gúáfà, wọ́n lẹ táìsì aláwọ̀ omi mọ́ ọn, orúkọ Mojíbọ́lá wà lára rẹ̀. Ó ti lé ní oṣù mẹ́wàá tí wọ́n ti sin ín.

Bàbá jókòó sí etí sàréè náà, wọ́n tú aṣọ, wọ́n ṣí abọ́. "Ẹ jókòó, Tíṣà. Ẹ jẹ ẹ̀kuru. Ó ṣì gbóná díẹ̀."

Inú ló kọ́kọ́ bí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ ti ń parọ́ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"Mo parọ́ fún yín. Ẹ̀yin lẹ bá irọ́ náà lójú ọ̀nà, kì í ṣe nítorí yín ni mo ṣe pa á."

Wọ́n wá ṣàlàyé. Àgbà kì í gbọ́ ikú àbúrò bí ẹni gbọ́ ìròyìn ọjà, àgbà kì í sì í débi tí wọ́n ti ń sin ín. Pẹ̀lú apá kan tó ti rọ yẹn, Ọlábímpé bẹ gbogbo ẹbí pé ìyá òun ò gbọdọ̀ gbọ́. Wọn kò jẹ́ kí wọ́n lẹ àwòrán ìsìnkú kankan mọ́ ògiri ní Ìnísà. Ní Ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá gbé abọ́ padà, wọ́n ti múra láti yára kọjá. Ìyá ní, "Kí ni Mojí wí?" Ẹnu Bàbá ṣí, wọ́n sì gbọ́ tí àwọn fúnra wọn ní, "Ó ní kí n kí yín."

"Ní Òkukù níbí, olóògbé ni wọ́n ń pè é," ni Bàbá wí. "Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá wa tó ti sùn. Tímótì gan-an, ìgbà tí Mọ́mì wà láyé ló máa ń sọ. Ìnísà nìkan ni wọ́n ti ń bi mí pé kí ni Mojí wí. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ìyàwó mi ń wà láyé, Tíṣà. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi."

Wọ́n jẹ ẹ̀kuru náà tán, wọ́n ní àwọn ò lè da oúnjẹ Mojí nù. Wọ́n wá bu omi, wọ́n mú ọṣẹ àti kànrìnkàn, wọ́n fọ abọ́ náà fọ ìdérí rẹ̀, wọ́n ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí táìsì kó gbẹ. Wọ́n ní láyé Mojí, òun ló máa ń dì í sínú aṣọ fún àwọn, àwọn kì í ṣí i wò; ṣùgbọ́n abọ́ àna ni, ẹ̀gàn ni kí ọkùnrin dá a padà pẹ̀lú ìdọ̀tí. Ọ̀kadà ni mo gùn padà sílé. Mo sunkún lórí rẹ̀, ẹni tó gbé mi ní ṣé òun ń sáré jù ni.

Kò pẹ́ tí ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ni Tímótì tẹ bàbá rẹ̀ láago. Ó ní ìrántí ọdún kan ìyá òun ti sún mọ́lé, kò sì sí irọ́ tí a ń pa títí ayé. Òun ń bọ̀, òun á lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyá òun fúnra òun, lẹ́yìn náà òun á mú Bàbá lọ sí Ìbàdàn. Ọmọ rere ni. Àwọn ọmọ rere ló máa ń da ilé rú báyẹn. Bàbá wá bá mi lójú irin, ojú wọn ti wọnú. Wọ́n ní bó bá jẹ́ dandan kí Ìyá gbọ́, ẹnu ọkọ Mojí ló yẹ kó ti gbọ́. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n tẹ̀lé àwọn. "Bí wọ́n bá ṣubú lulẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá lọ fi ọwọ́ ara mi pa ẹ̀gbọ́n Mojí?"

Ní Ọjọ́ Ẹtì náà, Bàbá kò yára. Gbogbo ẹni tí a pàdé ni wọ́n dá dúró. Wọ́n bèèrè ewúrẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò sin ewúrẹ́. Ẹni tó ní kí wọ́n bá òun kí ará Ìkìrun kan, wọ́n mú kó tún iṣẹ́ náà rán bí ẹni tí kò gbọ́. N kò bá wọn wí. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò bá ti sá padà.

Ìyá wà lórí bẹ́ǹṣì. Ọlábímpé ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá gbé abọ́ tó mọ́ fún wọn, wọ́n gbà á, wọ́n gbé e lé itan.

"Kí ni Mojí wí?"

Bàbá dọ̀bálẹ̀. Gbogbo ara wọn lọ sílẹ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun, wọn kò sì dìde. Ọlábímpé ti mọ ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀, ó fo dìde, ẹ̀wà dà nù. "Bàbá Tímótì, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́!"

Ìyá na ọwọ́ wọn tó dára, wọ́n ní kí ó jókòó. Wọ́n ṣí abọ́ náà, wọ́n fi ìka kan ra inú rẹ̀ yípo, wọ́n gbóòórùn ìka náà.

"Ọṣẹ," ni wọ́n wí. "Màmá wa kì í jẹ́ ká fọ abọ́ ara wa. Wọ́n ní bí ọmọ ìyá ẹni bá gbé oúnjẹ fún ẹni, kí ẹni fi ìka lá a, kí á dá a padà pẹ̀lú epo lára, kí ẹni tó sè é lè rí i pé a yó. Mojí ò fọ abọ́ mi rí láyé ẹ̀. Èmi ni mo máa ń fọ̀ ọ́, màá máa bú u pé ọ̀lẹ ni." Wọ́n dé abọ́ náà padà. "Ọjọ́ tí abọ́ mi dé tó ń dán, tó ń rùn ọṣẹ, mo ti mọ̀ pé ọwọ́ ọkùnrin ló fọ̀ ọ́."

Ọlábímpé di orí mú. "Màámi, ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn? Kí ló dé tẹ́ ò sọ?"

"Kí n sọ fún ta ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pamọ́ fún mi? Ẹni tí wọn ò tíì túfọ̀ fún kì í sunkún. Bí mo bá ti ní mo mọ̀, ta ló tún máa gbé ẹ̀kuru mi lọ s'Òkukù? Ta ló máa wá sọ fún mi pé Mojí ní ata ta jù? Ọkọ Mojí, ẹ dìde nílẹ̀. Àárò ẹ̀ ń sọ yín, ó ń sọ èmi náà."

Bàbá dìde, wọ́n jókòó ti Ìyá lórí bẹ́ǹṣì. Àwọn méjèèjì kò wo ara wọn. Ìyá ní, "Mo máa ṣe ẹ̀kuru lọ́la. Ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́."

Tímótì dé láàárín ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu, kò bá ẹni tó máa sọ ọ́ fún. Ó ní kí bàbá rẹ̀ kó ẹrù. Bàbá ní àwọn ní abọ́ láti dá padà. Ó dá nìkan padà sí Ìbàdàn.

Ní Ọjọ́ Ẹtì, mo ti wà lójú irin kí oòrùn tó yọ dáadáa. Bàbá ń bọ̀, ẹsẹ̀ lásán, ṣùgbọ́n abọ́ kò sí ní abíyá. Wọ́n nà án jìnnà sí ara, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e. Èèrà ti bo abọ́ náà, Bàbá sì ń fẹ́ èèrà dànù bí wọ́n ṣe ń rìn. Epo ti kán sí iwájú sùtánà, ó pọ́n yòò. Mo ní kí n bá wọn gbé e díẹ̀, wọ́n kọ̀.

Ìyá gbà á, wọ́n ṣí i. Epo ti dì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ipa ìka wà níbẹ̀ yípo, èérún ẹ̀kuru kan sì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ọ̀lẹ," ni wọ́n wí. "Mojí, ọ̀lẹ ni ẹ́."

Ìgbà náà ni ẹkún tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún kan jáde. Wọ́n ké, wọ́n pe orúkọ rẹ̀, àwọn ará ilé kejì sáré jáde, Bàbá náà bú sẹ́kún. Ọlábímpé gbé omi àti ọṣẹ wá, ó fẹ́ gba abọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kó bá wọn fọ̀ ọ́. Ìyá kò fún un. Wọ́n gbé e sáàárín orúnkún wọn, wọ́n fi ọwọ́ kan tó dára fọ̀ ọ́ fúnra wọn.